Ife Ned Fearon

"Ife mi dà?"

Bàbá mi ló béèrè. Ó wo ojú mi, ó wo ojú Janine ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ife tíì kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ooru ṣì ń jáde lórí rẹ̀. Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n ṣèèṣì gbé oúnjẹ ẹlòmíràn síwájú rẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sórí èbúté Saltrigg.

Janine fà mí wọ ilé ìdáná.

"Láti àárọ̀, kò mu nǹkan kan. Omi ni o, tíì ni o, títì ló ń tì í. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé tí ara rẹ̀ bá tún gbẹ bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé e lọ. Láti ibẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kàn. Lewis, agbára mi ò gbé e mọ́."

"Ife wo ló ń wá?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní ti fún un ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá padà sílé.

Panápaná ni bàbá mi ní Saltrigg títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí màmá wa kú ni ìgbàgbé dé bá a. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn aládùúgbò, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ibi tí ilé ìwẹ̀ wà, títí ó fi ku àgọ́ panápaná nìkan nínú orí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ife tirẹ̀ ló ti ń mu tíì.

Èmi náà, panápaná ni mí, ní Birmingham. Mo ti kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì, àmọ́ ìjókòó ọ́fíìsì ò bá mi lára mu. Nígbà tí mo fi máa béèrè fún ìṣípòpadà, mo ti di igbákejì ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ wa. Ìṣípòpadà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká kàn di ẹrù. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní panápaná tirẹ̀, ó sì di ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì níbẹ̀ kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n tún máa ní kó o gun àkàbà, kó o fa rọ́bà omi, bí ẹni pé o ò fọwọ́ kàn án rí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, yìnyín bọ́, yìnyín yọ́, kí wọ́n tó pè mí: àyè wà, àmọ́ ti panápaná lásán ni. Ipò mi ò ní bá mi lọ. Mo ní mo gbà.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Birmingham, àwọn èèyàn mi dè mí mọ́ àga nínú ọgbà, wọ́n sì ṣí rọ́bà omi lé mi lórí, bí a ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ. Wọ́n ní kí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ omi òkun. Mo rẹ́rìn-ín títí, omi ń ṣàn lójú mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ èwo ni ti rọ́bà níbẹ̀.

Ní Saltrigg, Gill Tinnion, ọ̀gá Ẹgbẹ́ Búlúù tí wọ́n fi mí sí, ló bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"A gbọ́ pé igbákejì ọ̀gá ni ẹ́ lọ́hùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ó dáa. Kẹ́tù wà lọ́wọ́ òsì ẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Níbi gbogbo tí panápaná bá wà nílẹ̀ wa, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló ń po tíì. Kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe ipò. Dougie Skelton, tó ti ń ṣe é ṣáájú mi, gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Mo dúpẹ́ o. Irun ṣì wà lórí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀."

"Irun ò sí lórí ẹ rí, Dougie," Gill sọ.

Ife oníkálukú wà lórí ìkọ́ lára ògiri. Àwòrán ajá wà lára ti Gill. Ti Skelton dúdú nínú bí ìdí ìkòkò, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ni kó o mu tíì nínú ife ẹlòmíràn. Èmi a gbé kẹ́tù kaná, màá yọ ṣíbí kan nínú ìkòkò ṣíbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá pò ó, màá dá ṣíbí padà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́.

Mo mọ àgọ́ náà láti kékeré. Nígbà Kérésìmesì, bàbá mi a gbé èmi àti Janine sínú ọkọ̀ pupa, a ó máa fi akoto rẹ̀ tó bò wá mọ́lẹ̀ débi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣeré. Òórùn rẹ̀ ò yí padà: rọ́bà tútù, epo dísẹ́ẹ̀lì, àti ìpara tí wọ́n fi ń dán bàtà. Láàárọ̀, tó bá dé láti ibi iná, màmá mi a dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Má fọwọ́ kàn mí, Ned Fearon. O ń rùn bí ẹja yíyan."

"Ìwọ lo sọ pé o fẹ́ràn ẹja yíyan."

Màmá mi á tún po tíì fún un, bàbá mi á sì ní kò burú, àmọ́ kì í ṣe tíì àgọ́. Màmá mi ló ra ife tó ń lò níbẹ̀ fún un. Ìyẹn dá wa lójú. Ohun tí kò dá wa lójú ni bó ṣe rí. Mo ní búlúù ni, ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀. Janine ní irọ́, ewéko ni àwọ̀ rẹ̀. A tú gbogbo òkè àjà. Mo ra ife búlúù, Janine ra aláwọ̀ ewéko, mo tún ra ọlọ́kọ̀ ojú omi mìíràn. Bàbá mi a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á wo ìdí rẹ̀, á sì gbé e kalẹ̀.

"Ife mi dà?"

Ọ̀rọ̀ náà gbà mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi àwọn ará Ẹgbẹ́ Búlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́.

"Báwo ló ṣe rí?" Skelton bi mí.

"Búlúù, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi."

"Kò sí irú ẹ̀ níbí," ó sọ, òótọ́ ló sì sọ.

Ìwọ̀nba omi tí Janine fi ẹ̀bẹ̀ fún un nìkan ló ń mu, bàbá mi sì ń rù sí i. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa yàrá tó ṣófo nínú ilé àwọn arúgbó kan.

Lẹ́yìn náà ni iná jó abà koríko kan lẹ́yìn ìlú. Iná àkọ́kọ́ mi ní Saltrigg nìyẹn. A kò tíì bọ́ bàtà wa tán tí Skelton fi pariwo pé, "Kéèkì." Ẹni tó bá ṣe ohunkóhun nígbà àkọ́kọ́ lágọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ní kéèkì. Mo ní mo ti pa iná tó pọ̀ ju irun ẹ̀ lọ. Ó ní ìyẹn ò nira, kí n ṣáà gbé kéèkì wá.

Janine ló ṣe é, kéèkì atalẹ̀. Ó gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, ó sì mú bàbá wa dání nítorí kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í. Bàbá mi ti dán bàtà rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pupa kọjá, ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí èèyàn ṣe ń pa ẹṣin.

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fearon," Gill sọ.

"Ṣé ìwọ ni ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn ò sọ fún mi pé wọ́n ti ń gba obìnrin."

"Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin ń fẹ́ ẹni tó máa kọ́ wọn níṣẹ́, sà."

Bàbá mi rò ó wò. "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí i," ó sọ, ó sì jókòó.

Mo po tíì. Mo gbé ti bàbá mi síwájú rẹ̀ nínú ife àlejò, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Janine gbé ojú kúrò. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi ò béèrè nǹkan kan. Ó dìde. Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀ rẹ̀ mọ́ rìn gba àárín àwọn àga kọjá láìwo ilẹ̀, ó dé ibi tí kẹ́tù wà, ó gbé ìkòkò ṣíbí, ó sì da gbogbo ṣíbí inú rẹ̀ sínú báṣíà ìfọwọ́. Wọ́n ró wooro. Nígbà yẹn ni mo rí àpá méjì lára ìkòkò náà, níbi tí etí tí wọ́n fi ń gbé e wà kó tó kán.

Ó fi apá kóòtù rẹ̀ nu inú rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ láti wo ìdí rẹ̀. Lẹ́tà N pupa kan wà níbẹ̀, ó ti ń bó díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tí màmá mi fi ń kun èékánná ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Ta ló ń kó ṣíbí sínú ife mi?"

"Lewis ni, sà," gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ lo dé gbẹ̀yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Po tíì nígbà náà."

Mo ṣan ife náà, mo po tíì síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú ní ìdí, bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́ pé etí rẹ̀ ti kán. Ó mu ún títí ó fi tán, lẹ́yìn náà ó tún na ife náà sí mi.