Àga Ìwẹ̀ Àwọn Àgbàlagbà

"Kuwabara, ìwọ nìkan ló kù."

Ọ̀gá Nagumo kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ń wo obìnrin náà bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tó kọ̀ tí kò ṣí.

Gbogbo àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń ṣe ọjà tuntun fún ilé-iṣẹ́ náà ti gbà kí wọ́n gbé e jáde. Nagumo ti lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nídìí tábìlì wọn, nílé oúnjẹ, nínú ọkọ̀ ojú irin, títí ohùn wọn fi ṣọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé kọ́ ni wọ́n ti ń jiyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mi orí pé àwọn gbà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́líìtì tó ń de èèyàn mọ́ àga yẹn ń yọ̀ tí omi bá ti gbóná," Kuwabara wí. "Arúgbó tí kò lè dá dìde ni àga yìí fẹ́ gbé wọ inú omi. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ìdè rẹ̀ ná."

"Kí àwọn tá a jọ ń du ọjà gbé tiwọn jáde ṣáájú wa? Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ ba ti gbogbo wa jẹ́ ni?"

Ẹnikẹ́ni ò gbójú sókè. Igarashi, tí òun àti Kuwabara jọ dán bẹ́líìtì náà wò, ń fi ìka nu eruku tí kò sí lórí tábìlì. Kuwabara tẹrí ba.

"Mo gbà, ọ̀gá."

Àga náà jáde nígbà ìrúwé, ó sì tà wàràwàrà. Kí òtútù tó mú, bàbá kan tó ń jẹ́ Inaba yọ́ bọ́ láti orí rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Kí ìyàwó rẹ̀ tó sáré ti ìdí ààrò dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nagumo mú Kuwabara dání lọ tuúbá nílé Inaba. Wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n sì fi iwájú orí kanlẹ̀. Èéfín tùràrí ń rú níwájú àwòrán olóògbé. Opó náà gbé tíì síwájú wọn.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," ló wí. "Èmi ni mo de bẹ́líìtì yẹn mọ́ ọn. Ó ní kí n fún un dáadáa, mo sì fún un. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n dè ni?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé irú èyí máa ṣẹlẹ̀," Nagumo dáhùn, orí rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

"Á jẹ́ pé èmi náà ni," ìyá náà rọra wí. "Èmi ni mo pa á."

Kuwabara gbórí sókè. Nagumo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nígbà kan náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Ẹ dè é dáadáa, màmá. A mọ̀ pé ó ń yọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Mo sọ ọ́, wọ́n ní kí n gbà, mo sì gbà."

Ìyá náà ò sunkún. Ó gbé ife tíì kúrò níwájú Nagumo. Ó yíjú sí Kuwabara, ó wò ó títí, ó sì gbé tiẹ̀ náà kúrò.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."