Èsì Ẹ̀jẹ̀ Tí Fadilah Gbé Pamọ́

Èmi ni mo tọ́ Fadilah dàgbà. Àbúrò mi ló bí i, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo sì mú un wá sílé wa ní Ìbàfò, èmi àti Lásúnkànmí ọkọ mi, tó ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ nílé onílé. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni òun àti Salmah, ọmọ tí mo bí, ń sùn. Híjáàbù ni mo ń rán tà, bí mo bá sì rán tuntun fún ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń rán ti èkejì. Nígbà tí Salmah lọ sílé ọkọ ní Abẹ́òkúta, Fadilah ló kù pẹ̀lú wa.

Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ kọ́. Ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́dún kẹta, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun àti aago kékeré tí wọ́n máa ń fi kọ́ àyà, ó ní òun ti yege, òun sì ti ríṣẹ́ sí kílíńíìkì kan ní Mágbòrò. A ò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí. Ta ló ń bi ọmọ tó tọ́ léèrè ìwé ẹ̀rí? Kò pé oṣù méjì tí àwọn ará àdúgbò fi ń tò sí fàráńdà wa nírọ̀lẹ́, kó lè bá wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Èmi a máa gbé àga fún wọn.

Eéwo kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó yọ sí mi lẹ́yìn itan, ibi tí mo fi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ní kí n lọ sí ọsibítù ìjọba. Fadilah rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, nítorí eéwo? Ẹ ó kàn lọ tò sórí ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀."

"Ṣé kò ní di wàhálà sí mi lára?"

"Iṣẹ́ mi ni, Mọ́mì."

Mo dùbúlẹ̀. Eéwo náà kò tíì rọ̀, ó ṣì le gbagidi. Ó fi bíléèdì ya ojú rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí ẹ̀jẹ̀ dúdú fi jáde. Ìrọ̀rí ni mo fi eyín dì mú kí n má baà ké. Lẹ́yìn náà ló gún mi lábẹ́rẹ́ kan, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi gbẹ. Ó sì gbẹ lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó wá gba híjáàbù lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún pé ọmọ mi ló wò mí sàn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fi aṣọ bora fún. Eyín mi ń lu ara wọn, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Tó bá lọ tán, òógùn á wá bò mí débi pé mo máa ń pààrọ̀ aṣọ. Fadilah ní ibà ni, ó kó oògùn ibà fún mi. Mo lò ó tán, nǹkan kan náà ni. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi wá ń dùn mí, mi ò lè foríkanlẹ̀ mọ́, orí àga ni mo ti ń kírun.

Ọkọ mi ní ká lọ sí ọsibítù. Fadilah bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ní apá mi, ó ní òun yóò gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Mòwé. Lọ́jọ́ kẹta, mo bi í pé kí ni wọ́n rí. Ó ń gé ewébẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Táífọ́ọ̀dù ni, Mọ́mì. Kò le rárá."

Ó gbé omi kọ́ sójú fèrèsé, ó fà á sí mi lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ tún padà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ náà. Mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún mi, gbogbo yàrá sì di bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Ojú òsì ni kò ríran. Mo pe Fadilah. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ má tíì sọ fún Dádì," ó ní. "Màá ra oògùn ojú bọ̀ láti ibi iṣẹ́."

Kò tíì dé títì tí mo fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìró tí ọkọ mi gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé ló mú un sáré wọlé. Òun àti aládùúgbò wa ló gbé mi sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ìjọba.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá, Mobọ́lájí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi, wọ́n tan iná sí ojú mi. Ọjọ́ kejì ló fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó bi mí bóyá egbò tàbí eéwo kankan ti wà lára mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo fi àpá ẹ̀yìn itan mi hàn án.

"Ibí ló gbà wọlé," ó ní. "Kòkòrò tó wà nínú eéwo, ara ti mọ ògiri yí i ká kó má baà jáde. Nígbà tí wọ́n fún un tipátipá, ògiri yẹn ya, kòkòrò náà sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé lára ènìyàn, Mọ́mì. Ó gbé e dé ọkàn yín, ó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì níbẹ̀. Àtibẹ̀ ló ti ń já wẹ́wẹ́ lọ síbòmíràn. Ó dé eegun ẹ̀yìn yín, ó dé ojú yín. Ẹ ti rò pé àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe yín. Ẹyọ kan ni."

Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fadilah dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó lanu, ó ti dáhùn. "Rárá, Dókítà. A rò pé ibà ni."

Mo yí ojú mi kan tó kù sí i. Mo rò pé ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbàgbé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dójú tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ funfun. Nígbà tí dókítà yíjú sí mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi Bùrẹ́ímọ̀ parọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà mí là, nítorí ọmọ yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Fadilah lọ ra omi, fóònù mi sì dún. Ọkùnrin kan ni.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Àbúbákr ni mo ń jẹ́, láti ilé àyẹ̀wò ní Mòwé. Mo rí nọ́ńbà yín nínú fọ́ọ̀mù, mo ní kí n béèrè bí ara ṣe rí."

Mo bi í pé ara wo.

"Ẹ̀jẹ̀ yín tí nọ́ọ̀sì gbé wá, kòkòrò hù nínú ẹ̀. Mo sọ fún un pé wọn kì í tọ́jú ìyẹn nílé, pé kó gbé yín lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo kọ ọ́ sínú èsì náà, mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Ó ti di ọjọ́ méjìlá. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ọkàn mi ò kàn balẹ̀ ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọsibítù ni mo wà. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fún mi lálàáfíà.

Fadilah wọlé pẹ̀lú omi.

"Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún ẹ ní Mòwé?"

Ó gbé omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Mo kà á, Mọ́mì."

"Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi."

Mo ti ń retí pé yóò ní kò yé òun. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ǹ bá gbà á gbọ́, ǹ bá sì mọ bí mo ṣe máa rù ú.

"Tí mo bá gbé yín dé ọsibítù, wọ́n á béèrè ẹni tó ya eéwo náà," ó ní. "Wọ́n á ní kí n mú ìwé àṣẹ wá. Mi ò ní ìwé. Ọdún kejì ni mo fìdí rẹmi, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Wọ́n mọ̀ ní kílíńíìkì tí mo wà, wọn ò bìkítà. Mo gún yín lábẹ́rẹ́ tó lágbára, mo ń gbàdúrà kó ṣiṣẹ́."

"Ìwé náà dà?"

"Mo ti fà á ya."

Ọjọ́ méjìlá. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń bá mi wẹ ẹ̀yìn, ó ń wo ojú mi tó ń kú lọ, ó sì mọ orúkọ ohun tó ń pa á. Mo ní kó dìde, kó bá mi pe dókítà wá. Nígbà tí dókítà dé, mo sọ irọ́ tí mo pa fún un àti òótọ́ tó wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá ọjọ́ méjìlá yẹn ló gba ojú mi. Ó kọ́kọ́ tún okùn omi tó wà lápá mi ṣe.

"Mi ò lè búra," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojú yín ṣì ríran lọ́jọ́ tí èsì yẹn jáde."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀ tí oògùn ń kán wọ inú iṣan mi. Ẹ̀yìn mi sàn. Ọkàn mi ń lù, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ojú òsì kò padà.

Fadilah ti kó ẹrù rẹ̀ kí n tó délé. Ọkọ mi fẹ́ kó ọlọ́pàá tọ̀ ọ́ lọ, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù tó bà á ti tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Lóṣù kẹrin, Salmah pè mí. Ó ní òun rí àwòrán Fadilah lórí fóònù, ó wọ funfun, ó dúró níwájú kílíńíìkì kan ní Òkè-Àrò. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ.

Abiyamọ mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Fadilah ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ kan, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó dúró gbagidi. Mo béèrè ẹni tó ni ibẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Adéyẹ́misí sì jáde síta.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo tọ́ nọ́ọ̀sì yín yìí," mo ní. "Kò jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ya eéwo fún mi, ó gba èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì gbé e pamọ́. Ẹ wo ojú mi."

Ìyá náà wò mí, ó wo Fadilah. "Ó sọ fún mi pé ìyá òun ti kú."

Òótọ́ ni, ìyá tó bí i ti kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tó fi pè mí ní Mọ́mì bọ́ lára mi lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ lọ́wọ́ fa apá ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Fadilah.

"Mọ́mì, ẹ dákun," ni Fadilah ń wí. "Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Mo dúró títí ó fi gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, tó bọ́ aago àyà rẹ̀, tó sì kó báàgì rẹ̀ jáde. Mo wá ọkọ̀ padà sílé. Ọkọ mi bi mí níbi tí mo lọ, mo sọ fún un. Ó ní ṣé ara tù mí báyìí. Mo ní rárá.

Ìfọ̀ ni Fadilah wà báyìí, lọ́dọ̀ àwọn ará bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ó ń bá ẹnì kan ṣe búrẹ́dì. Ó máa ń pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, mo sì máa ń gbé e. A ó kí ara wa, màá bi í bóyá ó ti jẹun. Kò tíì béèrè bóyá òun lè wá sílé, èmi náà ò sì tíì sọ pé kó wá.