Ẹni Tí Rosalind Ń Bẹ̀ Wò

Iṣẹ́ wa ni láti wádìí ẹni tí ìjọba bá fẹ́ fi àṣírí rẹ̀ sí níkàáwọ́. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò la máa ń kàn, ọdún á sì yí po kí àṣẹ tó jáde. Àwọn ọ̀gá wá tún ètò náà ṣe, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tú àkọsílẹ̀ èèyàn wò dé. Háà, ẹ̀rọ yìí bà mí lẹ́rù! Kọfí mi kì í tíì tutù tó fi máa mọ gbogbo ibi téèyàn ti sùn rí.

Òun ló tú Rosalind Tidwell fó. Ọmọ náà ti ríṣẹ́ ìjọba, àṣẹ wa nìkan ló kù. Ẹ̀rọ ní ó ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n lóṣooṣù, ó ń bẹ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Coombs wò.

Mo pè é wá. "Kí ni Coombs jẹ́ sí ọ?" ni mo bi í.

"Mi ò lè sọ, sà."

"Bí o ò bá sọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn o."

"Mo mọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi ni."

Olórí kunkun! Inú bí mi. Mo ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ ní ìlú Laurel. Ìyá Pruitt ń fọ́ akàn jẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ìwé ìròyìn.

"Rosalind?" Ìyá pòṣé. "Ajá ẹ̀ ti hú òdòdó mi tán. A ò kí ara wa mọ́."

"Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Coombs?"

Akàn bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Rosalind ló sọ fún yín?"

"Kò sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀. Oṣù tó kọjá náà, ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò."

"Oṣù tó kọjá?" Ìyá nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ọmọ mi ni Coombs, èyí tí mo bí fún ọkọ mi àkọ́kọ́. Alaska ni gbogbo àdúgbò rò pé ó wà. Nígbà tí orúnkún mi daṣẹ́ sílẹ̀, mo bẹ Rosalind kó máa bá mi bẹ̀ ẹ́ wò, kó má sọ fẹ́nì kan. Nígbà tá a jà, mo rò pé ó ti jáwọ́."

Orí mi wú. Èmi tí mo ti ń wá ẹni tó lè pa àṣírí mọ́ láti ìgbà èwe mi, mi ò rí irú èyí rí.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín," ni ìyá wí. "Ọmọ mi ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó dìde, ó ń tiro, ó gba orí òdòdó tó ti bàjẹ́ sọdá sílé Rosalind, mo sì tẹ̀ lé e. Ajá gbó. Rosalind ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó rí èmi lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra," ló wí, "mi ò sọ fún wọn o."