Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínlógún

Ẹ má fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àǹtí Ojú-Ọjọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì tọ́ sí i. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ló ti fi jókòó ti ẹ̀rọ rédà, tó ń wo ìkùukùu, tó ń sọ fún gbogbo ìlú bóyá kí wọ́n sá aṣọ tàbí kí wọ́n ká a. Bó bá ní òjò máa rọ̀, òjò á rọ̀. Bí kò bá sì rọ̀, á bínú sí òjò náà bí ẹni tí wọ́n yàn jẹ.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọ̀kẹ́rẹ́, káfíńtà ni, òrùlé ló ń kàn. Ìnagijẹ yẹn bá a mu wẹ́kú, torí kò sí ilé gíga tí kò lè gùn. Ìjì nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láràárọ̀, kó tó gbé àkàbà, á kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, báwo lojú ọjọ́ ṣe máa rí lónìí?"

"Oòrùn máa mú títí di ìrọ̀lẹ́. Òrùlé ibo lo wà?"

"Ilé ìwé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní àríwá ìlú. Alájà mẹ́ta ni. Bí nǹkan bá wá yí padà ńkọ́?"

"Ìkìlọ̀ wa á wọlé sórí fóònù ẹ. Kó o tètè sọ̀ kalẹ̀ o, má ṣe agídí."

"Èmi kẹ̀? Ìgbà wo ni ìkìlọ̀ yín dún tí mi ò sọ̀ kalẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀rọ tuntun kan ni wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì wọn nígbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa sọ ohun tí ìkùukùu máa dà láàárín wákàtí kan sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń ya àwòrán tuntun, nígbà tí ti àtijọ́ ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yàrá méjì ni wọ́n lò, gíláàsì ló pààlà wọn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an jókòó sí yàrá kìíní pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́, ìkìlọ̀ tirẹ̀ ló ń lọ sórí fóònù àwọn ará ìlú. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tuntun dán wò jókòó sí yàrá kejì, ìkìlọ̀ tirẹ̀ ò sì lọ síbì kankan. Inú fọ́ọ̀mù ló ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú aago. Fóònù ò gbọdọ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ jáde. Iye ìṣẹ́jú tó bá fi ṣáájú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni máàkì rẹ̀.

Ẹ tún ìyẹn gbọ́ o! Bí ẹni yàrá kìíní bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni máàkì ẹni yàrá kejì á ṣe máa pọ̀ sí i. Àwọn tó kàwé yanjú ló jókòó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Àǹtí náà buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ fún ọkùnrin yẹn tí kò ní ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló yínmú nígbà tí wọ́n mú Àǹtí fún ìdánwò náà, tó ní obìnrin tó ń fi orúnkún ríro mọ ìgbà tójò máa rọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Àǹtí náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó rí i. Ìkùukùu kékeré kan ni, ní àríwá, kò ju èékánná lọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tuntun ní ó lè di ìjì, ó lè má dà á, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré ló fún un. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti rí irú rẹ̀ rí, èyí tó máa ń ga sókè láì fẹ̀, ó sì mọ̀ pé bó bá fi lè wó, atẹ́gùn inú rẹ̀ á ya bolẹ̀ ni. Ó sọ ìdá mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: ìjì líle, àríwá ìlú, láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ara rẹ̀ yá gágá.

Ìgbà náà ló tó rántí ẹni tó wà ní àríwá ìlú. Ó dìde. Ọmọbìnrin tó ń darí ìdánwò náà, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ aago, gbójú sókè.

"Mà, ibo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn ní yàrá kìíní. Àbúrò mi wà lórí òrùlé lọ́hùn-ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde níbí pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò lè dì yín mú o. Àmọ́ àwọn náà ní ẹ̀rọ, wọ́n á rí i."

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹnikẹ́ni ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló kù kó débẹ̀. Ó wo inú gíláàsì, ó rí Mo-Ti-Mọ̀ tó ń ro tíì pẹ̀lú ṣíbí, tó ń dúró de àwòrán tuntun. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí á rí i láìpẹ́. Ó tún sọ nǹkan mìíràn lọ́kàn ara rẹ̀, pé kó tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kó pẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì wá wò ó bóyá orúnkún ni. Ló bá jókòó.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mo-Ti-Mọ̀ mu tíì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ẹ̀rù ń ba Àǹtí, inú rẹ̀ sì ń dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Háà, ọmọ aráyé! Ó tún dìde, ó tún jókòó. Ó di aago méjì ààbọ̀ géérégé kí Mo-Ti-Mọ̀ tó fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ jẹ, tó sáré tẹ ìkìlọ̀. Ìjì ti fi ìṣẹ́jú méjì dé àríwá ìlú ṣáájú ìkìlọ̀ náà.

Atẹ́gùn ká páànù tòun ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì jù ú sílẹ̀ láti òkè àjà kẹta. Kò kú. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló fọ́. Ilẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi ń dún nínú àpò ṣòkòtò.

Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù Àǹtí sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó gba máàkì tó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ nìkan kì bá tí dá a mọ̀, ojú rẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Mo-Ti-Mọ̀ sì ń wolẹ̀. Ohun tó ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn, ó wá rí i tán, kò rí i gbé mì. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó sì jáde.

Oṣù mẹ́ta ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ká ní Àǹtí mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò ní wà báyìí." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí á sáré wá nǹkan ṣe ní ilé ìdáná. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó tún sọ ọ́, láìsí àlejò kankan níbẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀," ni Àǹtí wí.

"Ẹ wà níbo?"

"Yàrá kejì. Mo rí i."

Ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ká aṣọ dúró gbagidi. Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí mi, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìgbà tí gbogbo wọn rí i lẹ rí i."

"Rárá. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra sọ pé, "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo máa ń fi sọ̀ kalẹ̀."

Àǹtí kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n níwájú àbúrò. Ó sọ ti fọ́ọ̀mù, ó sọ ti máàkì, kò fi ìkankan pa mọ́. "Mo fẹ́ kó pẹ́ ni, Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn pẹ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò pariwo, kò ṣépè. Ká ní ó ṣépè ni, ara ì bá tu Àǹtí díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló pè.

"Jọ̀ọ́, wá yí mi kọjú sí ògiri. Mi ò lè dá a ṣe."

Obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká ọkọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wúwo, kò sì yí wẹ́rẹ́. Àǹtí na ọwọ́ láti bá a gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà," ni ìyàwó náà wí.