Ìsàlẹ̀ Ìwé Ni Ti Lọ́yà

Aránṣọ ni mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n. Bí oníbàárà bá rán ẹlòmíràn wá pé kí n wọn ẹ̀wù fún òun, mo máa ń dá a padà ni, torí ara ẹni tí kò sí níwájú mi kò ṣeé wọ̀n. Síbẹ̀, ọjọ́ tí lọ́yà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi fúnra mi, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá lọ. Sísì la ń pè é nílé. Ilé-ìwé kan ní òkèèrè ti gbà á, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni yóò sì máa gbé níbẹ̀. Ohun kan ló kù. Torí pé kò tíì dàgbà tó láti dá ìpinnu ṣe, àwọn tó ń ṣe ìwé ìrìnnà ní kí bàbá àti ìyá ẹ̀ búra nínú ìwé pé àwọn gbà kó lọ, kí lọ́yà olóǹtẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba ìwé mọ. Bí tiwa ò bá dé, àyè Sísì di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Èmi àti bàbá Sísì ti pínyà. Kápẹ́ńtà ni. A ò jà mọ́, a kàn ń gbé ayé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, Sísì ló máa ń lọ kí i, àfi láti bí oṣù mélòó kan tí wọ́n ní iṣẹ́ gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Nítorí náà, mo fi ìwé rán àbúrò ẹ̀ sí i. Adúmáadán lorúkọ tí mo fún àbúrò ọkọ mi yìí látọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, bẹ́ẹ̀ ó pupa bí epo. Kò pẹ́ tí ìwé fi padà dé. Ọwọ́ bàbá Sísì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó gún régé. Mo fọwọ́ sí tèmi lórí máṣíìnì ìránṣọ, mo wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Ọ́fíìsì náà wà lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta fóòmù àti ìrọ̀rí. Obìnrin àgbàlagbà ni lọ́yà, ohùn ẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n fáànù ẹ̀ le bí ìjì, òkúta wẹ́wẹ́ ló fi tẹ gbogbo ìwé orí tábìlì mọ́lẹ̀. Ó ka ìwé mi tán. Ó wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó wo ojú mi, ó tún wo káàdì.

"Bàbá ọmọ dà?"

"Ó rìnrìn àjò, mà. Ó ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn."

"Mo rí ọwọ́. Ẹni tó ni ọwọ́ ni mò ń béèrè."

Mo ní kó jọ̀wọ́, kó lu òǹtẹ̀ yẹn jàre, nítorí Sísì ọmọ mi. Mo ní èmi tí mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí tí mo fi bímọ fún un, ṣé n kò ní mọ ọwọ́ ẹ̀ ni?

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n," lọ́yà sọ. "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà sì ti lọ fọwọ́ sí tiyín nílé. Ẹ̀yin méjèèjì ni ìwé yìí ò bá lára mu."

Mo fẹ́ bú u. Mo ti ń wá èyí tí mo máa sọ, ṣùgbọ́n ojú mi lọ sórí òǹtẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀, irin kékeré tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé nǹkan yìí ló fẹ́ dí ọmọ mi lọ́nà. Mo bi í léèrè. "Kí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀, mà? Mo rò pé òun ló ń sọ ìwé di òótọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ló rò bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka fa ìlà gba àárín ìwé kọjá. "Òkè yìí, tiyín ni. Ohun tó bá wà lọ́kàn yín lẹ kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá purọ́ síbẹ̀, ọrùn yín ló wà. Ìsàlẹ̀ yìí ni tèmi, ọrùn tèmi nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: lónìí, níbí yìí, lágbájá fúnra ẹ̀ wá síwájú mi. Mo rí ẹ̀rí ẹni tó jẹ́. Ó búra, ó sì fọwọ́ sí ìwé lójú mi, láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú un. Èwo nínú ìyẹn ni mo lè sọ nípa bàbá Sísì?"

Mo ronú sí i. Kò sí ẹyọ kan.

"Tó bá ti fọwọ́ sí i nílé, tó wá wá síbí láti sọ pé ọwọ́ òun ni ńkọ́?"

"Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Tẹ́ni tó ń ta ilẹ̀, fún àpẹẹrẹ. Á wá, á ní ọwọ́ òun nìyí, òun lòun fi í sí i, ó tán. Ṣùgbọ́n ìbúra wà nínú tiyín. Ìbúra ló ń ṣáájú, ọwọ́ á wá tẹ̀ lé e, kí n sì máa wò ó."

"Tí mo bá mú fọ́tò ẹ̀ wá?"

"Ìyá Sísì, fọ́tò kì í búra. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Mo fẹ́ bínú sí i, kò ṣeé ṣe mọ́. Ìbéèrè ló kún ẹnu mi. Mo bi í bóyá ó mọ̀ bí ẹni tó ń búra bá ń parọ́, ó ní òun ò mọ̀, iṣẹ́ òun kọ́. Mo bi í bóyá ó ti dá ìwé ọlọ́rọ̀ padà rí, ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n sì máa ń bú òun ju bí mo ṣe fẹ́ bú òun lọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ó bá mi tẹ ìwé tuntun, ó ní kí n mú bàbá Sísì wá, kí àwa méjèèjì jọ búra.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo ti pe Adúmáadán. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé ẹ ò lè wá lọ́yà mìíràn?"

Ara fu mí. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, o ò sọ pé o máa bá mi pè é, lọ́yà mìíràn lo ń wá fún mi. N kò jiyàn. Mo wọ mọ́tò, mo lọ sílé Adúmáadán fúnra mi, n kò sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Bàbá Sísì ni mo bá ní pálọ̀. Ó jókòó, apá ọ̀tún ẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbé síbẹ̀ tó gbàgbé. Kò dìde. Ẹnu ẹ̀ ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ní iṣẹ́ gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ọkùnrin tí mo mọ̀ tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé pákó. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò rántí kí i.

"Má sọ fún Sísì," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ. Ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. "Tó bá rí mi báyìí, kò ní lọ."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ ọmọ mi. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ológbò ilé dá, ó ní òun ò lọ sílé-ìwé.

Mo wá yíjú sí Adúmáadán tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló wá fọwọ́ sí ìwé?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ṣe é."

Mo bú u dáadáa, gbogbo èyí tí n kò rí bú lọ́yà, òun ni mo dà á lé lórí. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n tì wá mọ́lé tọmọtọmọ ni. Ó ní kí n máa bínú. Bàbá Sísì gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ní ó tó, òun máa lọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìgbà tí Sísì bá wà ní ilé ẹ̀kọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni èmi àti Adúmáadán gbé e dé. Àtẹ̀gùn lọ́yà ò ṣeé gùn fún un. Mo sáré gòkè lọ sọ, lọ́yà sì kó òǹtẹ̀, ìwé àti páàdì tàdáwà ẹ̀ sínú àpò, ó sọ̀ kalẹ̀. Onífóòmù gbà kí bàbá Sísì jókòó lórí fóòmù kan, ó kàn ní kí a má ya ọ̀rá ara ẹ̀, torí ẹni tó bá ya ọ̀rá fóòmù òun ni yóò rà á lọ sílé. Lọ́yà ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìka ni yóò tẹ̀, òun nílò ẹlẹ́rìí méjì tí kò bá wa tan. Onífóòmù di ọ̀kan, obìnrin kan tó wá ná ìrọ̀rí di ìkejì.

Lọ́yà jókòó síwájú ẹ̀. "Kí lorúkọ yín?" Ó ń sọ ọ́, ó ń pẹ́. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́, lọ́yà gbé ọwọ́ sókè sí mi láìwo ẹ̀yìn. "Ta ni Sísì sí yín? Ibo ló fẹ́ lọ?" Gbogbo ẹ̀ ló fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn, òógùn sì bò ó. Lọ́yà ka ìwé náà sí i létí láti òkè délẹ̀. Ó wá bi í pé:

"Ṣé ìfẹ́ inú yín nìyí?"

Bàbá Sísì wò mí, ó wo ilẹ̀.

"Rárá," ó ní.

Lọ́yà dé bíírò ẹ̀. Mo fojú inú rí ọmọ mi tó jókòó sílé ní ọdún tó ń bọ̀, tó ń tú ẹsẹ̀ ẹ̀wù fún mi.

"Ìfẹ́ inú mi ni kó wà lọ́dọ̀ mi," ó ń bá a lọ. "Ara mi ò yá. Mo fẹ́ máa rí i." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó lọ. Kò sẹ́ni tó rán mi."

Lọ́yà tún ṣí bíírò ẹ̀. "Ìwé mi ò béèrè bóyá inú yín dùn," ó ní. "Ó béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ gbà, láìsí ipá."

"Èmi ni mo gbà."

Ó búra. Ó na àtàǹpàkò òsì, ó ń gbọ̀n. Mo sún mọ́ ọn láti dì í mú, lọ́yà ní, "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Gbogbo wa dúró. Ó wá ibi tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí títí, ó tẹ̀ ẹ́. Èmi náà búra, mo fọwọ́ sí tèmi, àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i.

Lọ́yà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo fẹ́ rí bó ṣe ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé bàbá ọmọ wá síwájú òun, pé àrùn rọpárọsẹ̀ ò jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣeé kọ̀wé, pé òun ka ìwé sí i létí, ó yé e, ó sì tẹ̀ka sí i.

"Mà," mo ní, "ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló máa gbé ìwé yìí lọ. Ó máa kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ti àrùn yẹn kúrò."

"Ìka ló tẹ̀, ìyá Sísì. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀." Kò le mọ́ mi, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. "Bí mo bá yọ ọ́, ẹni tó bá gbà á á bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ ẹ̀."

Ó lu òǹtẹ̀. Ìwé tí yóò gbé ọmọ mi lọ ti wà lọ́wọ́ mi, nǹkan tó lè dá a dúró sì wà nínú ẹ̀. Mo wo bàbá Sísì. N kò mọ ohun tí a máa ṣe.

"Pè é," ó ní. "Kí n sọ fún un kí ìwé tó sọ."

Sísì dé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ó rí bàbá ẹ̀, ó dúró sáàárín ilé ìtajà láìmira. Ó wá jókòó tì í lórí fóòmù, ó gbé ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ yẹn sórí itan ara ẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá ẹ̀ sọ ohun tó ṣe é fún un. Sísì gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á dé ìsàlẹ̀.

"N kò lọ mọ́," ó ní. "Ta ló máa tọ́jú yín?"

"Mo ti búra pé mo gbà kó o lọ," bàbá ẹ̀ dá a lóhùn. "Níwájú lọ́yà. Ṣé o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ni?"

Sísì wojú lọ́yà. Lọ́yà ń kó páàdì ẹ̀ sínú àpò. Ọmọ mi nu ojú. Ó gbé ọwọ́ bàbá ẹ̀ padà sí àyè ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dìde, ó sì fi ìwé náà sínú báàgì ilé-ìwé ẹ̀, torí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ò ní pẹ́ tì.

"Ìyá mi," ó sọ lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ má jẹ́ kó nìkan wà."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó jáde. Mo wo Adúmáadán, mo wo onífóòmù tó ń ṣọ́ ọ̀rá fóòmù ẹ̀, mo wá lọ jókòó síbi tí Sísì ti dìde.