Wákàtí Méjìdínlógún láti Brisbane

Ta ni yóò bá fóònù jà? Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Abdulrauf tẹ Brisbane, ó tẹ Èkó, fóònù sì ní kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ni, wákàtí méjìdínlógún lójú òfúrufú. Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Abdulrauf nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìjagun, òun sì ni gbogbo ẹbí máa ń gbé ọ̀rọ̀ fóònù lọ bá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni bàbá wọn, Alájì Ahmed, kú sílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ká ní bó ṣe yẹ kó rí ni, wọn ìbá ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n Mùjídàt, àbúrò Abdulrauf obìnrin, ń bẹ ní Brisbane lọ́hùn-ún ní Australia. Ó ti tó ọdún méje tó ti fojú kan bàbá rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ń sunkún lórí fóònù pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun rójú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ òfúrufú tí yóò gbéra tí aago bá lu mẹ́ta ọ̀sán nílé níbí.

Abdulrauf ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Jímọ̀. Ó lọ bá Àlùfáà Abdulhakeem, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Àlùfáà fajú ro, àmọ́ nígbà tó yá ó gbà pé ó di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bá to yìnyín yí Alájì ká nínú yàrá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ nígbà tó wà láyé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òun lọ sí mọ́ṣúárì.

Ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́. Aago mẹ́fà kò tíì lù dáadáa tí Mùjídàt fi pè pé àwọn ti balẹ̀. Inú Abdulrauf dùn pé ọkọ̀ yá ju bí òun ṣe ṣírò lọ, débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nílé òkú. Ó ní kó fara balẹ̀ dúró, Usamah, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ti ń lọ gbé e ní Èkó.

"Èkó kẹ̀, Bùrọ̀dá? Doha nílẹ̀ Lárúbáwá ni mo wà, níbi tí a ti ń pààrọ̀ ọkọ̀. Aago mẹ́rin ọ̀sán yín la máa tó gbéra níbí. Ó di aago méjìlá òru kí n tó dé Èkó."

Abdulrauf jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóònù sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kò sọ pé kò sí ọkọ̀ tó ń fò ó tààrà. Kí ló dé tí kò bi ọmọ náà léèrè ọ̀nà tó máa gbà? Ṣebí ó ti mọ gbogbo ẹ̀ tán!

Ó tún sáré tọ àlùfáà lọ. Àlùfáà ní òun ti fún un ní ọjọ́ kan tí kò tọ́ sí i. Iná ti lọ láti àná, yìnyín ti yọ́, òórùn yàrá náà sì ti ń yí padà. Ìyá wọn, Ràmọ́tà, ló wá parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ sin ọkọ mi," ló wí. "Kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá òun báyìí."

Wọ́n kírun sí Alájì lára lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n sì sin ín. Erùpẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Abdulrauf nígbà tí Mùjídàt pè. Wọ́n ti ń pe èrò wọ ọkọ̀ ní Doha, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń dúró de òun. Abdulrauf ní wọ́n ti sin bàbá. Mùjídàt kò pariwo.

"Ó ku wákàtí mẹ́jọ, Bùrọ̀dá," ló wí. "Ṣé kí n ṣì máa bọ̀?"

Abdulrauf wo erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Kí ni yóò ní kó wá rí báyìí?