Ihò Atẹ́gùn Ilé Pírínsípà

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ ilé Akínrẹ̀mí ní Aké lọ́sẹ̀ yẹn, ijó ló máa jó wọlé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ilẹ̀ pákó ni ilé náà. Bàbá àgbà tó kọ́ ọ gbé pákó náà ga kúrò nílẹ̀, ó sì dá ihò atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ ògiri yíká, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà ayé rẹ̀, lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbá ihò wọ̀nyẹn mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Oyíndà, ọmọ ilé, fẹ́ lọ sílé ọkọ, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ kí ilé wuyì lójú àna. Ó ní ilé tó ní ihò nídìí ò ṣeé fi gba àlejò, pé adìyẹ Mama, ìyá rẹ̀, gan-an ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń yé sí. Ó pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò pátá, wọ́n kun ọ̀dà lé e. Ilé ń dán. Òjò dé, ọ̀rinrin há sábẹ́ ilé, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí wọ́n ká láìgbẹ.

"Dádì, ilẹ̀ yìí ń mì," Oyíndà wí.

"Ilẹ̀ bàbá mi kì í mì. Ìwọ lo sanra."

Pírínsípà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ká máa fún èèyàn ní máàkì. Ó ti fún Tawheed, àfẹ́sọ́nà Oyíndà, ní òdo. "Ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà l'Ékòó, tí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri! Ṣé irú ẹni yẹn ló máa gbé ilé ró?" Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọ̀gbẹ́ni ará Òwu yẹn" ló máa ń pè é, ó sì máa ń dun Oyíndà dọ́kàn. Tó bá ti pe Tawheed ní ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, Oyíndà ò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní dìde àfi tí bàbá ìyàwó bá ní kí wọ́n dìde. Tí pákó bá já lábẹ́ wọn, òdo yẹn ti di òdo títí láé nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Oyíndà pe Tawheed lórí fóònù, ó sọ fún un pé pákó pálọ̀ ń mì.

"Mò ń bọ̀," ni Tawheed wí. "Jáàkì wà nínú mọ́tò mi."

Ẹ̀yìnkùlé ló yọ́ gbà wọlé. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ fún Oyíndà, ó gbé jáàkì tó fẹ́ fi gbé igi abẹ́ ilé ró, ó sì gba ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná rá pálá lọ sábẹ́ pákó. Kí jáàkì tó kan igi, àwọn ará Òwu ti ṣe ohun tí ẹnì kan ò retí: wọ́n tètè dé! Gbogbo ilé dàrú. Àǹtí Christianah, àbúrò Pírínsípà, gbé àga rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kékeré náà, ó fi gbogbo ara jókòó, ó ń bu ìrẹsì sí abọ́. Àǹtí Christianah kì í dìde nídìí ìrẹsì.

Nínú pálọ̀, wọ́n ń béèrè: "Ọkọ ìyàwó dà?" Oyíndà gbé agbádá mọ́ àyà, ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín sì tún ń pa á, ó fi eyín di ẹnu agbádá náà mú. Wọ́n ní káwọn ọ̀rẹ́ ṣì bẹ̀rẹ̀ ná. Àwọn géńdé nà gbalaja. Pákó ké, ó rì díẹ̀, ó dúró.

"Yéè! Ẹ rọra o!" Ohùn náà wá láti ìsàlẹ̀.

"Jésù!" ni àwọn ará Aké ké. "Subhanallah!" ni àwọn ará Òwu ké. Mama ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga.

"Ta nìyẹn?" Pírínsípà bú ramúramù.

"Èmi ni, sà. Tawheed. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àlejò."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀."

Pálọ̀ tú fún ẹ̀rín. Pírínsípà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ tòun ti agbádá, ó fojú sí àlàfo pákó. Ó rí iná fóònù, ó rí jáàkì, ó rí igi bàbá rẹ̀ tó ti dúdú, tó ti ń jẹrà, ó sì rí ojú kan tí ìyẹ́ adìyẹ bò.

"Igi yìí ò rí atẹ́gùn ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, káwọn ọ̀rẹ́ mi má dìde lẹ́ẹ̀kan náà o."

Pírínsípà dìde. Ó ní káwọn ọ̀rẹ́ máa fàyà fà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wọ́ lọ bí alángbá. Ó ká agbádá lé èjìká, ó béèrè òòlù, ó lọ síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ńtì níṣojú àna.

"Mo sọ fún ọ," ni Mama wí. Kò sọ fún un rí.

Ihò àkọ́kọ́ là. Atẹ́gùn ya wọ abẹ́ ilé, ó gbá eruku àti ìyẹ́ adìyẹ gba àlàfo pákó sókè, ó dà wọ́n sórí fìlà àwọn àgbààgbà. Adìyẹ kan sáré dé, ó kó sínú ihò láìkí ẹnikẹ́ni.

Pírínsípà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ihò náà. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú ẹni tó wà nínú.

"Tawheed."

Oyíndà ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí.

"Sà?"

"Mi ò tíì ní kó o dìde o."

Oyíndà tún gbá agbádá náà mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti na ọwọ́ sínú ihò, ó di ọwọ́ eléruku náà mú ṣinṣin, ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó pariwo:

"Christianah! Dìde lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, kí ọmọ mi ráyè jáde!"